Yọ́gọ́ọ̀tì wàrà ewúrẹ́ nínú dehydrator: ohun tí ìrírí fi yé mi n'Ìbàdàn

Nọ́ńbà tó ń tàn lójú dehydrator kọ́ ni ooru wàrà tó wà nínú ìgò. Ooru atẹ́gùn inú àpótí ni, pàápàá ooru ibi kékeré tí wọ́n fi ojú ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tí a mọ̀ mọ́ gbígbẹ ata, ilá àti èso yìí ṣe yọ́gọ́ọ̀tì, tẹmómítà ni kó kọ́kọ́ rà, kó tó ra ìgò, kó tó wá wàrà. Èyí tí a ń kì bọ inú oúnjẹ ni mò ń sọ. Èyí tí wọ́n ń fi há abíyá aláìsàn kì í ka ju 42°C lọ, kò sì lè bá wa débi tí a ń lọ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ooru le tó bẹ́ẹ̀ ni pé wàrà ewúrẹ́ kì í dì gírígírí bíi ti màálù. Purotéènì kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alpha-s1 casein. Òun ló ń fún wàrà màálù ní agbára láti dúró nínú ìgò. Kò pọ̀ nínú ti ewúrẹ́, iye rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ara ewúrẹ́ kan sí òmíràn, débi pé ewúrẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń jẹ koríko kan náà lè fúnni ní yọ́gọ́ọ̀tì tí kò jọra. Yọ́gọ́ọ̀tì ewúrẹ́ tó dára máa ń rọ̀, á máa mì nínú ìgò, bí a bá sì fi ṣíbí rò ó, á ṣeé mu. Ẹni tó bá ń retí kó le tó èyí tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì á máa fi wákàtí kún wákàtí, á máa fi ooru kún ooru, ìyẹn gan-an ni yóò sì bà á jẹ́. Àwọn ohun tó lè mú un ki sí i wà, a máa débẹ̀.

Oríṣi dehydrator méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ onígun mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn níwájú, fáànù rẹ̀ wà lẹ́yìn, a sì lè fa gbogbo tíréè inú rẹ̀ yọ. Ìkejì rí roboto, tíréè rẹ̀ ń gun ara wọn, fáànù àti wáyà tó ń gbóná sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀. Onígun mẹ́rin ni mo fara mọ́ jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé a ó kàn yọ tíréè, a ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, ìgò á sì jókòó lé e. Bó bá jẹ́ roboto la ní, a lè gé àárín tíréè méjì tàbí mẹ́ta kúrò kí etí wọn nìkan ṣẹ́kù, kí àwọn etí náà di ògiri yí ìgò ká. Tíréè ìsàlẹ̀ pátápátá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ gígé, òun ni ìgò máa dúró lé. Ìdí ìgò nínú ẹ̀rọ roboto máa ń gbóná ju ọrùn rẹ̀ lọ, nítorí náà ìgò kúkúrú tó fẹ̀ ló bá a mu, kì í ṣe èyí tó ga.

Kí owó tó jáde lápò, wo ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ìwọ̀n ooru tó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ náà lè ṣe. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 50°C kò wúlò fún wa, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ wàrà di yọ́gọ́ọ̀tì ti ń dúró, bó bá sì ga ju 55°C lọ wọ́n á máa kú. Ìkejì, gíga inú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ tíréè: mú ìgò tí o fẹ́ lò dání, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ lórí. Ìkẹta ni fóòtì. Ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ará wa ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, iná tiwa sì jẹ́ 230. Bí a bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní tààrà, ọjọ́ náà ló máa jóná. Tiransífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ la máa fi sáàárín, kí agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀rọ lọ dáadáa. Ẹ̀rọ 600 wáàtì, tiransífọ́mà 1000 wáàtì.

Omi la fi ń dán an wò, kì í ṣe wàrà. Bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bíi 43°C, sínú àwọn ìgò tí o máa lò, dé wọn, tò wọ́n sí gbogbo igun inú ẹ̀rọ, kí àyè bí ìbú ìka méjì wà láàárín wọn kí atẹ́gùn lè kọjá. Yí ẹ̀rọ sí 45°C, fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, kí o wá fi tẹmómítà wọn omi inú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí à ń wá ni 41 sí 44°C nínú gbogbo ìgò. Bí èyí tó wà nítòsí fáànù bá ti wọ 47°C nígbà tí èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣì wà ní 42, dín ooru kù, má sì fi ìgò síbi tó gbóná jù yẹn mọ́. Kọ àbájáde rẹ̀ sórí bébà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ. Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo tó kù lọ, nítorí pé bí wàrà bá ti ń dì, a ò ní lè máa gbé ìgò kiri mọ́: bí a bá mì ín nígbà tó ń múra láti dì, omi á yà lára rẹ̀.

Ó yẹ ká ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ọ̀sán oṣù Kejì n'Ìbàdàn, nígbà tí ilé fúnra rẹ̀ ti ń gbóná, kò jọ òru ọyẹ́, kò sì jọ oṣù Kẹjọ tí òjò àti kùrukùru fi máa ń mú kí ilé tutù. Fóòtì náà ń kó bá a. Wáyà tó ń gbóná nínú ẹ̀rọ 230 fóòtì, bí iná bá wálẹ̀ sí 180, ooru tó lè mú jáde á dín kù sí nǹkan bíi 61 nínú 100. Fáànù á ṣì máa yí, iná ojú rẹ̀ á ṣì máa tàn, ooru kò sì ní pé. Bí ìgò bá pọ̀ nínú ẹ̀rọ ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, wàrà á wà ní 35°C fún wákàtí púpọ̀. Sítábíláísà ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ohun tó sàn jù ni kí a mọ wákàtí tí iná àdúgbò máa ń dúró dáadáa, kí a sì ṣe é nígbà náà.

Ní ti wàrà fúnra rẹ̀, ewúrẹ́ kékeré ilẹ̀ wa, irú èyí tó ń rìn káàkiri Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, kì í ṣe ẹran wàrà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá mu kì í tó nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀, ó sì dùn. Ewúrẹ́ òkè ọya, bíi Red Sokoto aláwọ̀ pupa, ń fúnni ní púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń kó wàrà jọ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó pé lítà kan. Bí a bá ti fún un tán, a ó sẹ́ ẹ, a ó gbé e sínú omi yìnyín lójú ẹsẹ̀, a ó wá gbé e sínú fíríìsà. Wàrà ewúrẹ́ tó ti dì nínú fíríìsà ṣì ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì tó dára, bí a bá jẹ́ kó yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú fíríìjì. Ṣùgbọ́n èyí tó yọ́ nítorí pé iná lọ, tó sì tún dì nígbà tí iná dé, ẹ má fi ṣe é.

Wàrà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ewúrẹ́ bá bímọ, ti ọmọ rẹ̀ ni. Yàtọ̀ sí pé ọmọ nílò rẹ̀, yóò ṣù lórí iná. Ẹ̀ẹ̀kejì, béèrè bóyá wọ́n ti gún ẹran náà lábẹ́rẹ́. Oxytetracycline àti penicillin ni wọ́n sábà máa ń lò, wọ́n sì ń bá wàrà jáde. Penicillin díẹ̀ kíún ti tó láti dá Streptococcus thermophilus, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tó ń sọ wàrà di yọ́gọ́ọ̀tì, dúró, wàrà náà kò sì ní dì, bí o tilẹ̀ ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn nípa iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ lo wàrà rẹ̀ ni ká tẹ̀ lé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni òórùn. Bí òbúkọ bá ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ abo tí à ń fún, òórùn rẹ̀ á wọ inú wàrà. Wàrà tí a kò tètè mú tutù, tàbí tí a ń gbọ̀n nínú kẹ́ẹ̀gì láti Mọníyà wọ ìgboro, máa ń bu òórùn jáde pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rá inú rẹ̀ ń tú, ó sì ń di àwọn ásíìdì tó ń rùn. Yọ́gọ́ọ̀tì kò lè bo èyí mọ́lẹ̀. Wàrà tó bá ti ń rùn kó tó gorí iná á rùn nínú ìgò.

Sísè rẹ̀ kò ṣeé fò. Brucellosis lè wà nínú wàrà tí a kò sè, àrùn tó ń mú ènìyàn ní ibà tí kì í tètè lọ àti oríkèé ríro ni. Iná náà ló tún ń jẹ́ kí yọ́gọ́ọ̀tì ki: bí wàrà bá dé 82 sí 85°C tó sì dúró síbẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn purotéènì tí ì bá bá omi lọ á so mọ́ casein, á sì di omi mú. Mo máa ń gbé ìkòkò wàrà sínú ìkòkò ńlá tí omi wà nínú rẹ̀, torí pé wàrà ewúrẹ́ tètè ń jóná nídìí, òórùn jíjóná kì í sì í kúrò mọ́. Má jẹ́ kó hó. Bí ó bá ń dé 90°C, dín gáàsì kù.

Bí a bá fẹ́ kó ki sí i, ìgbà tí wàrà ṣì tutù, kó tó gorí iná, la ti máa bẹ̀rẹ̀. Mílíìkì lúbúlúbú ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí lítà kan ni mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ jù. Kí a fi ìjábẹ̀ rò ó kí kókó má bàa wà. Ẹni tí kò fẹ́ fi wàrà màálù sí i lè lo gelatin, ṣíbí tíì kan sí lítà kan: a ó rẹ ẹ́ sínú wàrà tútù díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó sì dà á sínú èyí tó ti gbóná. Ti gelatin kì í fi ara hàn títí tí yọ́gọ́ọ̀tì á fi tutù nínú fíríìjì.

Láti 85 wá sí 43°C, bàsíà omi tútù ni. Gbé ìkòkò sínú rẹ̀, máa rò ó jẹ́jẹ́, pààrọ̀ omi bó bá ti ń gbóná. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kánjú, tí wọ́n á fi ìka kan ìkòkò, tí wọ́n á ní ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìka kò mọ ìyàtọ̀ láàárín 44 àti 52. Tẹmómítà mọ̀ ọ́n.

Starter, ìyẹn yọ́gọ́ọ̀tì tí kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ló kàn. Púpọ̀ nínú èyí tó wà nínú ike ní ìgboro ni wọ́n ti fi ṣúgà àti èròjà adùn sí, wọ́n sì tún ti mú àwọn mìíràn gbóná lẹ́yìn tó dì tán kó lè pẹ́ lórí igbá. Òkú nìyẹn, kò lè bí nǹkan kan. Èyí tí wọ́n kọ live cultures sí lára, tí kò ní ṣúgà, tí kò ní adùn, tí ọjọ́ rẹ̀ sì jìn, ni kí o mú. Orúkọ tí à ń wá lára rẹ̀ ni Streptococcus thermophilus àti Lactobacillus bulgaricus. Ṣíbí ìjẹun méjì ló tó fún lítà kan. Fi wàrà díẹ̀ pò ó nínú abọ́ kékeré títí tí kò fi ní sí kókó, kí o tó dà á sínú ìyókù. Ẹni tó bá rò pé ṣíbí mẹ́fà á jẹ́ kó tètè dì ń tan ara rẹ̀ jẹ: á kan kíákíá, á sì ṣe ṣákaṣàka lẹ́nu.

Fọ ìgò, da omi gbígbóná yí wọn ká nínú àti lóde, jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Tan dehydrator sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú ogún ṣáájú. Dé gbogbo ìgò. Atẹ́gùn gbígbẹ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, bí a bá fi ìgò sílẹ̀ láìdé, awọ líle á bo ojú yọ́gọ́ọ̀tì kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ìgò wàrà kò bá kún inú ẹ̀rọ, fi ìgò omi 45°C dí àwọn àyè tó ṣófo. Iná lè lọ nígbàkígbà, omi yẹn ni yóò máa pín ooru fún àwọn yòókù.

Bí iná bá lọ lóòótọ́, má ṣí ilẹ̀kùn. Yọ okùn ẹ̀rọ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí o wá da aṣọ ìbora tó nípọn bò ó. Má ṣe bò ó nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí kí o fi okùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lábẹ́ aṣọ, nítorí pé ihò atẹ́gùn rẹ̀ á dí, iná sì lè sọ. Bí ó bá ti kọjá wákàtí kan, kó ìgò jẹ́jẹ́ sínú kúlà tí o ti fi omi 45°C sí débi ọrùn ìgò. Ìdádúró wákàtí kan tàbí méjì ní 37°C kì í ba iṣẹ́ jẹ́, ó kàn ń mú un pẹ́ ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀rọ onínọ́ńbà kì í padà bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iná bá dé. A ó sùn, a ó rò pé ó ń ṣiṣẹ́, òwúrọ̀ la máa bá a ní òkú. Èyí tí a ń fi ọwọ́ yí bọ́tìnnì rẹ̀ máa ń tẹ̀ síwájú níbi tó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ìlú wa ju èyí tó rẹwà lọ. Ẹni tó bá ní inverter, kó ka wáàtì ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ dehydrator ilé ń gba 250 sí 600 wáàtì, kì í sì í ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Wákàtí méje sí mẹ́jọ ló máa ń tó. Ní wákàtí kẹfà, tẹ ìgò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀: bí gbogbo ohun inú rẹ̀ bá jọ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò ṣàn, ó ti dì. Ẹni tó bá ní bébà pH, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó, lè fi wò ó, 4.6 ni à ń retí. Má fi bó ṣe ṣàn nígbà tó gbóná dá a lẹ́jọ́. Yọ́gọ́ọ̀tì ewúrẹ́ ń ki nínú òtútù, ó sì nílò odindi òru kan ní nǹkan bíi 4°C kí a tó rò ó rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kó kan gan-an lè fi í sílẹ̀ dé wákàtí mẹ́wàá. Kọjá méjìlá, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Bí ó bá kọ̀ tí kò dì, béèrè nǹkan mẹ́rin ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé: ṣé starter wà láàyè, ṣé wàrà ti tutù tó kí starter tó wọ inú rẹ̀, ṣé ìgò dé 41°C lóòótọ́, ṣé ẹran náà gba abẹ́rẹ́. Bí ó bá ní kókó kéékèèké, ooru ló pọ̀ jù tàbí starter. Bí omi kíkan tó mọ́ bá dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, kò sí ewu, a lè rò ó padà tàbí ká dà á nù. Bí ó bá ń fà bí ọbẹ̀ ilá, ooru ló kéré jù, irú kòkòrò mìíràn sì ti gbapò. Kì í sábà pani lára, ṣùgbọ́n má fi ṣe starter. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ń hó nínú rẹ̀, tí ìdérí wú, tàbí tí àwọ̀ pupa tàbí búlùú yọ lójú rẹ̀, gbogbo ìgò náà ni ká dà nù, kì í ṣe ká fi ṣíbí yọ ojú rẹ̀.

Àwọn kan ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba wàrà màálù ní èyí, wọ́n gbà pé ti ewúrẹ́ kò léwu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra. Bó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ kàn máa ń wú, yọ́gọ́ọ̀tì lè bá a lára mu, nítorí pé àwọn kòkòrò yẹn ti jẹ díẹ̀ nínú ṣúgà wàrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ máa ń lé, tí ètè rẹ̀ ń wú, tí kò lè mí dáadáa, purotéènì ewúrẹ́ jọ ti màálù tó láti ṣe é ní jàǹbá. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fi wàrà ewúrẹ́ lásán rọ́pò ọmú ìyá, nítorí pé folate, ìyẹn fítámì kan, inú rẹ̀ kéré.

Fún ẹni tó fẹ́ èyí tó ki débi pé ṣíbí á dúró nínú rẹ̀, aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì ni, kó jẹ́ tuntun tàbí èyí tí a ti sè nínú omi. Da yọ́gọ́ọ̀tì tó ti tutù sínú rẹ̀, so ó, gbé e sórí asẹ́ lókè abọ́, fi í sínú fíríìjì, kì í ṣe orí tábìlì. Láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, lítà kan á ti sún mọ́ ìdajì. Omi tó jáde dára fún pípo búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ti ṣíbí bọ ìgò, ká kọ́kọ́ bu ṣíbí mẹ́ta sínú ìgò kékeré tí a ti fi omi gbígbóná fọ̀, ká dé e, ká kọ ọjọ́ sí i lára. Òun ni starter tó ń bọ̀, láàárín ọjọ́ méje ló sì yẹ ká lò ó. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a bá ti ń mú un látinú ara rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò méjèèjì á ti borí èkejì, yọ́gọ́ọ̀tì á máa kan jù tàbí kó má dì dáadáa mọ́; ra tuntun nígbà náà.